Bí bọ́tà tàbí bekin páúdà bá tán: ohun tí ẹ lè fi dípò nínú kéèkì

Ìwọ̀n tí mo ń lò nìyí: fúláwà, ṣúgà àti bọ́tà, gírámù 250 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyin 5, bekin páúdà ṣíbí tíì 2. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá tán nínú wọn ni iṣẹ́ máa ń dàrú.

Bí bọ́tà bá wọ́n, òróró ẹ̀pà dára. Dípò bọ́tà ife 1, ẹ da òróró ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife, torí omi wà nínú bọ́tà, kò sí nínú òróró. Àmọ́ òróró kì í di afẹ́fẹ́ mú bí ẹ bá pò ó mọ́ ṣúgà. Ẹyin àti ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ lù títí yóò fi funfun.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, tí ẹ tẹ̀ kúnná, lè dípò ẹyin: ìdá kan nínú mẹ́rin ife fún ẹyin 1. Mi kì í fi dípò ju ẹyin 2 lọ, kéèkì á wúwo.

Ẹ má fi láfún dípò fúláwà rárá. Ó kan, kò sì ní ohun tó ń fà nínú àlìkámà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Bekin páúdà àti bekin sódà jọra bí ìbejì, inú ọ̀rá kékeré tí wọn ò kọ nǹkan sí lára ni wọ́n sì ń dì wọ́n sí lọ́jà wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mo wà níbi ìkómọ kan tí ìyá kan ti da sódà ṣíbí tíì 2 sí kéèkì. Ó dúdú, ó ń ta bí ọṣẹ lẹ́nu, àwọn ọmọdé tu ú dànù. Inú mi bà jẹ́ fún ẹyin tó lò.

Nítorí náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó fọ́ ẹyin kankan. Ẹ bu díẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá hó, páúdà ni. Bó bá kàn yọ́ jẹ́ẹ́, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i; bó bá wá hó, sódà ni. Èyí tí kò hó rárá ti kú, ẹ dà á nù.

Bó bá jẹ́ sódà nìkan lẹ ní, ìdajì ṣíbí tíì tó dípò páúdà ṣíbí tíì 2. Kò lè dá ṣiṣẹ́ o, ó gbọ́dọ̀ rí ohun kíkan. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 2 ni mo máa ń lò, kò wọ́n tó fínígà. Ẹ po sódà mọ́ fúláwà gbígbẹ, ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Omi ọsàn ló kẹ́yìn, torí bó bá ti kan sódà báyìí ni híhó ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró de iná bíi ti páúdà. Ẹni tó bá ń wá agolo tí yóò fi yan án lẹ́yìn ìyẹn ti pẹ́ jù. Ẹ ti fi bọ́tà pa agolo, kí ìkòkò oníyanrìn yín sì ti gbóná lórí èédú, kí ẹ tó gé ọsàn.