Bí mo ṣe ń ṣọ́ aláìsàn lóru ní ọsibítù kí ó má baà ṣubú

Kí o tó jókòó, yẹ bíréèkì bẹ́ẹ̀dì wò. Gbé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, nu omi ilẹ̀. Fóònù? Fi sápò.

Àsìkò tó le jù ní Ìlọrin níbí ni àsùbáà. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun, àwọn bàbá á fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá. Mo gbójú kúrò lára bàbá kan rí, àfi gbì! Látìgbà náà, mo máa ń gbé búútà àti abọ́ sí tòsí kí ìpè ìrun tó dún: "Bàbá, ẹ jókòó ṣe é, mo ti bomi wá."

Bí wọ́n bá fẹ́ dìde dandan, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, kí ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀ ná. Òòyì lè kọ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá ṣàdédé dàrú, má jiyàn, pe nọ́ọ̀sì.