Òrùlé fáíbà ọkọ̀-ilé tó ń jò ní Ṣágámù: bí mo ṣe dí i

Orí bẹ́ẹ̀dì ni omi ti ń kán, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òrùlé ló ti ń wọlé. Oòrùn ti jẹ awọ òkè fáíbà náà. Tí ẹ bá fọwọ́ pa á, ìyẹ̀fun funfun á lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Irú awọ bẹ́ẹ̀ máa ń sán wẹ́wẹ́ yí ojú síkúrù ká. Sílíkónì (gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú ihò) tí wọ́n rọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún dá kún un, torí rẹ́síǹ, oje olómi tó ń gan tí a fi ń lẹ fáíbà, kì í mú lórí sílíkónì.

Mo fi ọ̀bẹ họ sílíkónì náà kúrò tán, mo fi acetone nù ún, kí n tó fi sáńpépà 80 ha ojú ibẹ̀. Tí sáńpépà bá ṣáájú, ṣe lẹ ó máa ha sílíkónì wọnú fáíbà.

Rẹ́síǹ gíráàmù 500 gba catalyst (èròjà tó ń mú rẹ́síǹ gan) bíi gíráàmù 7. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é. Oòrùn ọ̀sán Rẹ́mọ á mú un gan mọ́ inú ike. Accelerator (èròjà tó ń jẹ́ kó tètè gan) ni ẹ ó kọ́kọ́ rò pọ̀ mọ́ rẹ́síǹ, kí catalyst tó tẹ̀lé e. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da accelerator àti catalyst pọ̀ lásán láé: ó lè bú gbàmù!

Mo tẹ́ aṣọ fáíbà tí mo fi rẹ́síǹ rin ní ìpele méjì, èkejì fẹ̀ ju èkíní lọ, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì gún un títí afẹ́fẹ́ fi jáde. Ó gan, mo kun gelcoat (rẹ́síǹ aláwọ̀ tó ń di awọ òkè fáíbà) tó ní wax nínú lé e, mo wá fi gọ́ọ̀mù polyurethane de fèrèsé padà.

Tí ẹ bá fẹ́ fi omi dán an wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ lè mọ ojú tó ń jò gan-an.