Kí Ló Dé Tí Òtútù Ń Mú Ẹnì Kan, Tí Ooru Sì Ń Mú Ẹnìkejì Nínú Ọ́fíìsì Kan Náà?

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Àjàṣẹ́ ló bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, mo sì lọ wo yàrá wọn kí n tó dáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń fi ìborùn bo èjìká, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀. A ti gbé ẹ̀rọ náà wá sí 17, síbẹ̀ ìjà kò tán. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má wo rìmóòtù nìkan. Yàtọ̀ sí bí afẹ́fẹ́ yàrá ṣe gbóná tó, ooru tó ń ti ara ògiri àti gíláàsì jáde, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí, ọ̀rinrin, aṣọ tí a wọ̀ àti iṣẹ́ tí à ń ṣe ló ń pinnu ohun tí yóò mú wa. Ìwọ̀ oòrùn ni fèrèsé yín kọjú sí. Nígbà tí mo fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kíá ni mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Bí ẹni tó jókòó ti ààrò ni ẹni tó wà níbẹ̀ rí, òtútù tí ẹ̀rọ ń fẹ́ kò sì lè gbà á sílẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti ṣíji bo fèrèsé náà, nítorí kí aṣọ fèrèsé inú ilé tó dá oòrùn dúró, ooru ti wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ sókè kó má baà máa fẹ́ sí obìnrin yẹn lórí, kí ẹ gbé e sí 25 tàbí 26, kí ẹ sì tan fáànù àjà. Fáànù kì í sábà jẹ ju wáàtì 75 lọ, ẹ̀rọ bíi tiyín sì ń jẹ ju 1,000 lọ.

Bí ẹnì kan bá ṣì ń ráhùn, ẹ má bínú sí i. Láti 1970 ni ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́ńmáàkì, P. O. Fanger, ti ṣàlàyé pé bó ti wù ká ṣètò yàrá tó, nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 100 kò ní gbádùn rẹ̀. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní fáànù orí tábìlì.

Ìbéèrè: Ṣé bí a bá gbé e sí 17, kò ní tètè tutù?

Ìdáhùn: Rárá. Bí yàrá bá ṣì gbóná, gbogbo agbára rẹ̀ ló ń lò, ì báà jẹ́ 17 tàbí 25. 17 kàn ń fi ìsinmi dù ú ni.

Ìbéèrè: Owó iná wa ń ga sí i, yàrá ń rùn, bébà orí tábìlì sì máa ń rọ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Òkúta ni ẹ fi ń ti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó má baà padé. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó kún fún ọ̀rinrin ń gba ibẹ̀ wọlé láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rinrin yẹn di omi kí yàrá tó lè gbẹ. Omi ọ̀hún ló ń kán sínú garawa tó wà lẹ́yìn ògiri, iná tí ẹ ń sanwó rẹ̀ ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ẹ̀rọ, eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ asẹ́ rẹ̀ bí òwú, ó sì tutù rinrin: ibẹ̀ ni òórùn náà ti ń wá. Ẹ gbé òkúta yẹn kúrò lónìí. Ẹ máa fọ asẹ́ náà lóṣooṣù, kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà.