Bí mo ṣe ń tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láràárọ̀

Ẹ̀yin tí ikọ́ ẹ̀gbẹ mú rí, tẹ́ ẹ lo oògùn parí, àmọ́ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò dáwọ́ dúró, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bronchiectasis ni dókítà pe tèmi: ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró ti fẹ̀ jù, ó ti dẹ̀.

Ṣé ẹ ti fi ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n se àgbébọ̀ rí? Ẹran tó le bí ìgbànú á rọ̀. Ẹ́ńsáìmù inú oje funfun yẹn ló ń gé e. Irú ẹ̀ wà lára wa, elastase lorúkọ ẹ̀. Inú neutrophil ló ń gbé, ìyẹn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń sáré débi tí kòkòrò bá wọ̀. Kòkòrò ló wá gé. Ṣùgbọ́n tí neutrophil bá pọ̀ jù, tí wọ́n ń kú síbẹ̀, elastase á dà síta, á máa gé okùn tín-ín-tín tó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró fà bíi rọ́bà, á tún mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ sí i. Kòkòrò á wá fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọ̀hún ṣelé. Ẹ̀dọ̀ wa ń ṣe alpha-1 antitrypsin tó ń dá elastase lẹ́kun, èéfín sìgá ló ń ba ìyẹn jẹ́. Mi ò kì í jókòó ti ẹni tó ń fà á mọ́, ìbáà ṣe àbúrò mi.

Kí n tó jẹun láàárọ̀, mo mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ife kan. Mo jókòó, mo dẹ èjìká, mo mí jẹ́jẹ́. Mo wá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń dá a dúró bí ẹni ka ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, mo la ẹnu, mo ṣe “hàà” bí ìgbà téèyàn fẹ́ èémí sí dígí ojú kó tó nù ún. Ẹ má fipá wúkọ́ o! Mo ti fipá wú u rí títí ojú mi fi pọ́n, àmọ́ físíò, ìyẹn olùtọ́jú tó ń fi eré ìmárale wo aláìsàn, ní ńṣe ni ihò ń pàdé mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú.

Ife funfun ni mo ń tutọ́ sí, kí n lè rí àwọ̀ ẹ̀. Tó bá ti dà bí omi ewédú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì pọ̀ sí i, mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n tún yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò. Ampiclox tí mo dá rà jẹ lóṣù kan ò ṣe nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Lóṣù kẹjọ 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí brensocatib fún bronchiectasis, oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí elastase gba agbára láti inú mùdùnmúdùn eegun, níbi tí ara ti ń ṣe neutrophil. Mi ò tíì fojú kàn án.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ife yẹn, kẹ́ ẹ sì gbé e pamọ́. Ọmọ-ọmọ mi ti fẹ́ fi po Milo rí.