Bẹ́ ẹ ṣe lè dá akọ àti abo alángbá Galápagos mọ̀, kẹ́ ẹ sì wádìí ohun tó fa àwọ̀ wọn

Alángbá ilé wa, akọ ló máa ń gbé orí pupa kiri ara ògiri, abo ẹ̀ á rọra jọ ilẹ̀. Ẹ gbàgbé ìyẹn tẹ́ ẹ bá dé Galápagos, àwọn erékùṣù Ecuador tó wà lójú òkun Pacific, torí abo lojú àti ọ̀fun ẹ̀ máa ń pọ́n níbẹ̀. Fótò abo pọ́ńbélé tí wọ́n kọ "akọ" sí lábẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jàre.

Ẹ kọ́kọ́ mọ erékùṣù tẹ́ ẹ wà. Oríṣi méjì àwọn alángbá Galápagos yìí (Microlophus lorúkọ sáyẹ́ǹsì wọn) kì í gbé erékùṣù kan náà, torí náà ẹ má mú akọ Española wá fi wé abo San Cristóbal o. Tẹ́ ẹ bá ti rí wọn, ẹ wo bí wọ́n ṣe tóbi sí: akọ ju abo lọ dáadáa, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tò sẹ́yìn ẹ̀, ọ̀fun ẹ̀ sábà máa ń dúdú, tí akọ mí ì bá sì sún mọ́ ilẹ̀ ẹ̀ ńṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ press-up lórí òkúta. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fun lẹ ń wá, ẹ ní sùúrù kó gbórí sókè. Abo Española ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ojú yín, pupa tiẹ̀ ò fara sin rárá. Àwọn ọmọdé wọn ló le, wọn ò tíì ní àwọ̀ àgbà, ẹ kàn kọ "ọmọdé" sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Fótò: ẹ dúró ní mítà 2 sí wọn, má tan fláàṣì, òfin páákì ni. Ẹ ya fótò bébà funfun nínú oòrùn yẹn kẹ́ ẹ tó ya alángbá, torí fóònù máa ń yí àwọ̀ padà, lẹ́yìn náà lẹ lè fi bébà yẹn tún un ṣe. Ẹ kọ aago náà sílẹ̀, alángbá tí òtútù ṣì ń mú máa ń dúdú.

Ó wá ku ìdí ẹ̀. Ẹ bi ara yín pé, ta ló ń wo àwọ̀ yìí? Òkè ni àwòdì ti ń wò, ẹ̀yìn ló ń rí, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn abo fi jọ òkúta tí pupa sì wà ní ojú àti ọ̀fun, níbi tí alángbá ẹgbẹ́ ẹ̀ tó dojú kọ ọ́ ti máa rí i. Pupa yẹn kì í yọ àfi tó bá ti dàgbà tó àtiyé ẹyin. Àwọn akọ ní tiwọn ń jà du ilẹ̀, èyí tó bá tóbi ló ń rí abo púpọ̀ gùn, ọmọ ẹ̀ ló sì ń pọ̀, bí títóbi ṣe di tiwọn nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: tí alángbá erékùṣù méjì bá jọra, ẹ má tíì sọ pé àyíká ló fà á. Ti San Cristóbal àti ti Marchena, baba ńlá kan náà ló bí wọn, àwọn tó kù wá láti ọ̀dọ̀ baba ńlá mí ì tó dá sọdá òkun ní tiẹ̀. Ẹ lọ wo mọ̀lẹ́bí wọn tó ṣì wà létíkun Ecuador àti Peru, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá akọ ló kúrò lójú àwọ̀ àtijọ́, àbí abo, àbí àwọn méjèèjì.