Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìpinnu Nínú Géèmù Ìtàn Kí Àtubọ̀tán Rẹ̀ Tó Yé Wa

Nínú àwọn géèmù ìtàn àròsọ tí ó kún fún oṣó, iwin àti ìjọba àtijọ́, kì í ṣe idà jíjà ni iṣẹ́ tí ó nira jù. Ìgbà tí ìjà bá dáwọ́ dúró, tí wọ́n to èsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sójú ẹ̀rọ, tí ẹni tí ó wà níwájú akọni yín sì ń retí ohun tí ẹ máa sọ, ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń gbá géèmù ní Tankẹ, ní Ìlọrin níbí, pé ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ fi ń ba ìgbà yìí jẹ́: àwọn kan á ti lọ wo ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, àwọn mìíràn á sì tẹ èyí tí ó bá wù wọ́n, bí kò bá bọ́ sí i wọ́n á padà sí ibi tí wọ́n ti sévù, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi géèmù pamọ́ sórí ẹ̀rọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀ dé òpin láìyí ìpinnu kankan padà. Àlàyé mi yóò tú àṣírí díẹ̀ nínú géèmù mẹ́ta. Kí ẹni tí kò bá tíì gbá wọn mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu irú ènìyàn tí akọni yín jẹ́ kí ìṣòro tó dé. Ẹ má kàn sọ pé ènìyàn rere ni, nítorí kò sí ẹni tí kì í pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ohun tí kò ní ṣe láé, ẹni tí kò lè kọ̀ sílẹ̀, àti ohun tí ó lè mú un yẹsẹ̀. Ultima IV, tí ó jáde ní 1985, fi hàn pé ìwà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ tí akọni wá ṣe: kò sí ọba burúkú kan tí a ní láti pa níbẹ̀, ìwà mẹ́jọ ni a ní láti kọ́, tí òtítọ́, àánú, ìgboyà àti ìrẹ̀lẹ̀ wà lára wọn. Afọ́jú ni ẹni tí ń ta èlò oògùn nínú géèmù náà. Yóò dá iye ọjà fún yín, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa ka owó sílẹ̀. Bí ẹ bá san owó tí kò tó, kò ní pariwo, ẹnikẹ́ni kò ní mú yín, ọjà á sì wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n géèmù ti yọ nínú òtítọ́ yín, ó sì lè pẹ́ kí ẹ tó mọ̀. Ẹni tí ìyá àgbàlagbà kan ti fún ní ṣẹ́ńjì tí ó lé rí ní Ọjà Ọba, Ìlọrin, mọ irú ìdánwò tí èyí jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ kékeré.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi àwọn ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ìbéèrè tán kí ẹ tó dáhùn, kí ẹ sì ro ti ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nínú Baldur's Gate 3, tí ilé-iṣẹ́ Larian ti Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní 2023, àwọn Tiefling, ẹ̀dá oníwo tí wọ́n lé kúrò ní ìlú wọn, forí pamọ́ sínú igbó àwọn Druid, ìyẹn àwọn awo tí ń tọ́jú igbó. Ọmọ wọn kan, Arabella, gbìyànjú láti jí ère mímọ́ igbó náà, Kagha tí ń darí ibẹ̀ sì fi ejò sọ́ ọ. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́, ẹ sì lè halẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n dáìsì olójú 20 tí géèmù máa ń jù ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ yín wọlé. Bí kò bá wọlé, ejò lè bu ọmọ náà ṣán, kí ó kú, ẹ̀yin ni ẹ ó sì jáde lọ bá àwọn òbí rẹ̀ tí ń dúró níta. Ibí ni àwọn ènìyàn ti máa ń sáré padà sẹ́yìn. Mo rọ̀ yín, ẹ má padà. Ẹ lọ bá àwọn òbí náà.

Bí ẹ bá wá gbè sẹ́yìn àwọn tí ó fẹ́ pa igbó náà run, Wyll àti Karlach, méjì nínú àwọn tí ó lè máa bá yín rìn, yóò fi yín sílẹ̀. Bí ẹ bá sì gbà á là, alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Dammon, tí ó ṣeé ṣe kí ẹ má bá sọ ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, lè tún pàdé yín ní ilé èrò kan nígbà tí ó bá yá, òun ni yóò sì tún ẹ̀rọ oníná tí ó wà ní àyà Karlach ṣe, kí ó lè fọwọ́ kan ènìyàn láìjó o. Àánú tí ẹ ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣí ọ̀nà yẹn, kì í ṣe ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni ṣèlérí.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbà mí lọ́kàn jù wà nínú The Witcher 3, iṣẹ́ CD Projekt Red ti Pólàńdì, tí ó jáde ní 2015. Ìlú aáfà ni ìlú wa, kékeré la sì ti ń gbọ́ pé àníyàn ni a fi ń wọn iṣẹ́. Géèmù yìí béèrè ohun tí a ó ṣe nígbà tí àníyàn bá dára tí àtubọ̀tán kò dára. Wọ́n rán Geralt, akọni géèmù náà tí ń gba owó láti pa iwin, pé kí ó pa ẹ̀mí kan tí a sé mọ́ abẹ́ igi ńlá. Ẹ̀mí náà ní bí ó bá tú òun sílẹ̀, òun yóò gba àwọn ọmọ aláìlóbìí kan là lọ́wọ́ àwọn àjẹ́ inú irà. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, yóò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ṣùgbọ́n yóò pa àwọn ará abúlé kan run, Anna tí ń tọ́jú àwọn ọmọ náà yóò kú, ọkọ rẹ̀ yóò sì pokùnso. Bí ẹ bá pa á, àwọn ọmọ náà ni yóò ṣègbé; Anna yóò ya wèrè, ọkọ rẹ̀ yóò sì gbé e lọ wá ìwòsàn. Kò sí èsì kẹta tí ó mọ́ tónítóní. Nítorí náà, ẹ má bi ara yín pé èwo ni èrè rẹ̀ pọ̀. Ẹ bi ara yín pé kí ni Geralt mọ̀ nígbà tí ó dúró níwájú igi yẹn, kí sì ni ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo gbà pé ẹni tí ó bá tú ẹ̀mí yẹn sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ kò ṣe àìdáa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó dé abúlé náà lẹ́yìn náà kí ó fojú rí i.

Ní ti sísévù, iná lè lọ nígbàkúgbà, nítorí náà ẹ máa sévù déédéé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí èyí tí ẹ sévù nítorí iná má di ọ̀nà àbáyọ kúrò nínú ìpinnu. Ẹ sévù lẹ́yìn ìpinnu, kì í ṣe kí ẹ tó ṣe é nìkan.

Bí ẹ bá pọ̀ nínú yàrá kan, ẹ jẹ́ kí ẹni tí páàdì tí a fi ń gbá géèmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ sókè kí ó tó tẹ èsì, kí àwọn yòókù sì dákẹ́ títí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ìpinnu náà àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé, nítorí pé àtubọ̀tán mìíràn yóò dé nígbà tí ẹ ti gbàgbé ohun tí ó fà á. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú akọni tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀, kí ẹ gba ọ̀nà kejì ní ibi tí ọkàn yín kò ti balẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ lè wá ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.