Bí mo ṣe fi SketchUp ya sẹ́ẹ̀tì ààfin, àti ìdí tí mi ò fi ń ṣe é láìmú téèpù dání

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tá a jọ ń kọ́ sẹ́ẹ̀tì eré orí ìtàgé. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, torí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń pè mí lórí fóònù pé dírọ́ọ̀ìn àwọn ń ṣe báyìí, ó ń ṣe báyẹn, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn díẹ̀díẹ̀, ó dáa kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, eré ààfin ni, inú gbọ̀ngàn kan n'Íbàdàn la ti ṣe é, ògiri gígùn kan lẹ́yìn, ilẹ̀kùn méjì lára ẹ̀, òpó gbígbẹ́ mẹ́rin, àti pèpéle tí ìtẹ́ ọba máa wà lórí ẹ̀. SketchUp Pro ni mo lò, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya nǹkan bó ṣe máa rí lójú gan-an. Mo mọ AutoCAD, ètò míì tí wọ́n fi ń ya dírọ́ọ̀ìn ilé, náà lò, ṣùgbọ́n tó bá ti di ti ìtàgé, SketchUp lèmi fẹ́ràn, torí ẹni tó ń darí eré á wò ó, á sì yé e lójú ẹsẹ̀, kò ní máa bi mí pé ìlà wo ni ògiri, ìlà wo ni kọ́tìnì.

Kí n tó tan láptọ́ọ̀pù rárá, mo kọ́kọ́ lọ sí gbọ̀ngàn yẹn pẹ̀lú téèpù. Wọ́n ti fi dírọ́ọ̀ìn ilé náà ránṣẹ́ sí mi, fáìlì DWG, irú èyí tí AutoCAD máa ń ṣe, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì ní kí la tún ń lọ wọ̀n nígbà tí nọ́ńbà ti pé sínú fáìlì. Mo ní jẹ́ ká lọ ná. Òpó kọ̀ǹkéré méjì wà lápá ẹ̀yìn ìtàgé náà, àárín wọn gan-an ni ògiri ààfin máa dúró sí, a na téèpù láti ọ̀kan dé èkejì: ẹsẹ̀ bàtà 28 àti íńṣì 10. A wọn jíjìn ìtàgé, a wọn gíga irin tí wọ́n ń so iná mọ́, a wá na téèpù láti igun iwájú lọ́tùn-ún dé igun ẹ̀yìn lósì, a tún ṣe igun méjì yòókù bákan náà, torí bí ìlà méjèèjì yẹn ò bá dọ́gba, ìtàgé yẹn wọ́ nìyẹn, ojú lásán ò sì lè rí i. Íńṣì 3 ni ọ̀kan fi gùn ju èkejì lọ. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé kékeré kan.

Mo délé, mo ṣí SketchUp, mo tẹ File, mo tẹ Import, fáìlì náà wọlé. Mo mú Tape Measure, téèpù inú SketchUp nìyẹn, mo tẹ òpó kan, mo fà á dé èkejì, ó ní mítà 228.6. Ìtàgé tó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ! Ohun tó fà á rèé: mìlímítà ni ẹni tó ya ilé náà lò, 9000 ni àárín òpó méjèèjì lọ́dọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n SketchUp tèmi ka 9000 yẹn sí íńṣì. Mìlímítà 25.4 ló sì wà nínú íńṣì kan. Torí náà tí nǹkan yín bá wọlé tó tóbi gan-an tàbí tó kéré bí èèrà, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín fò, ẹ kàn wo nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí àti èyí tó yẹ kó jẹ́, ẹ fi èyí tó kéré pín èyí tó tóbi. Tó bá fún yín ní 25.4, íńṣì àti mìlímítà ló kọlu ara wọn, tó bá jẹ́ 304.8, ẹsẹ̀ bàtà àti mìlímítà ni, tó bá sì jẹ́ 1000, mítà àti mìlímítà ni. Mo pa èyí tó wọlé rẹ́, mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kí n tó tẹ Import níkẹyìn mo kọ́kọ́ tẹ Options, mo mú Millimeters. Ó wọlé, 9000 géérégé.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí mo kọ sínú ìwé. Ẹsẹ̀ bàtà 28 àti íńṣì 10, mìlímítà 8788 nìyẹn. Fáìlì ní 9000. Ó fi mìlímítà 212 jura lọ, ìyẹn íńṣì 8 àti díẹ̀, ibí yìí gan-an sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ká yáa lo Tape Measure tún un ṣe: tẹ́ ẹ bá fi wọn ibì kan, tẹ́ ẹ wá tẹ nọ́ńbà tó yẹ kó jẹ́, tẹ́ ẹ tẹ Enter, SketchUp á bi yín bóyá kó yí ìwọ̀n gbogbo ẹ̀ padà, ẹ tẹ Yes, ó parí. Irinṣẹ́ tó dáa ni o, mo máa ń lò ó tí wọ́n bá fi fọ́tò pílánù ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mi ò gbà á láyè níbí yìí. Àṣìṣe ẹyọ ìwọ̀n kì í ṣe díẹ̀, ńlá ló máa ń jẹ́, ìlọ́po 25, ìlọ́po 300. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ báyìí lohun tó fi yàtọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́, bíríkìlà ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù kún òpó méjèèjì nígbà tí wọ́n ń tún gbọ̀ngàn ṣe, wọ́n tún lẹ táìlì mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó padà lọ tún dírọ́ọ̀ìn ṣe. Ká ní mo fún gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni, jíjìn ìtàgé á fún, gíga irin iná á fún, ìjókòó òǹwòran á fún, bẹ́ẹ̀ sì rèé àwọn yẹn ò ṣẹ̀, nọ́ńbà tiwọn bá ti ìwé mi mu. Òpó méjì yẹn nìkan ni mo sún wọlé, mìlímítà 106 lápá ọ̀tún, 106 lápá òsì, mo sì kọ ọ́ sínú dírọ́ọ̀ìn pẹ̀lú àwọ̀ pupa pé téèpù ló sọ èyí, kì í ṣe fáìlì.

Ohun tó tún yọ mí lẹ́nu, tí mo bá ti sún mọ́ ìtàgé lójú láptọ́ọ̀pù láti wo nǹkan dáadáa, àwọn ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, apá kan ògiri á tún gé kúrò bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ọ̀pọ̀ ló máa rò pé láptọ́ọ̀pù ló ti gbó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ya ilé náà sí ibi tó jìnnà réré sí ojúko tí ìlà pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ti pàdé, bí ẹni pé ìtàgé wà n'Íbàdàn, ojúko wà ní Sókótó, nọ́ńbà á wá gùn débi tí SketchUp ò ní lè fi ojú tó mọ́ hàn yín mọ́. Ẹ mú gbogbo ẹ̀, ẹ mú Move, ẹ tẹ igun ìtàgé kan, ẹ wá tẹ [0,0,0] pẹ̀lú àkámọ́ onígun yẹn, Enter. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo máa ń lo àárín ìtàgé níwájú fún ojúko yẹn, kí gbogbo ìwọ̀n ọ̀tún àti òsì lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín, nítorí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìtàgé ṣe máa wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀ náà nìyẹn.

Ti group, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Kí ẹ tó fa ìlà kejì, ẹ sọ nǹkan àkọ́kọ́ di group, ìyẹn ni pé kí gbogbo ìlà ẹ̀ di ẹyọ kan tó dá dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ẹ ò ní lè gbé òpó kúrò kí ó má fa ilẹ̀ dání. Tí nǹkan bá pọ̀ tó sì jọra bí òpó mẹ́rin tèmi, ẹ sọ ọ́ di component, ìyẹn àwọn ẹ̀dà tó so mọ́ra wọn, tẹ́ ẹ bá tún ọ̀kan ṣe mẹ́ta yòókù á tẹ̀ lé e, èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yàtọ̀ ẹ tẹ Make Unique fún un.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì fáìlì mi wúwo débi pé tí mo bá yí i, máa mu omi tán kó tó yí. Àga ọba kan tí mo gbà láti 3D Warehouse ni, ibi tí àwọn èèyàn ń kó ohun tí wọ́n fi SketchUp ṣe sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ṣe é gbẹ́ gbogbo ihò ara ẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ sì rèé òǹwòran ò ní sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi àpótí lásán tó ní gíga àti fífẹ̀ kan náà dípò ẹ̀, mo wá lọ sí Model Info, Statistics, Purge Unused, torí tẹ́ ẹ bá pa nǹkan rẹ́ lójú, ó ṣì wà nínú fáìlì títí ẹ ó fi ṣe ìyẹn. Iná tún lọ lọ́jọ́ kan, bátìrì ò gbé e, fáìlì ò ṣí mọ́. Mo wá fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .skb, ẹ̀dà tí SketchUp máa ń fi pamọ́ nìyẹn, mo yí i sí .skp tó jẹ́ ti fáìlì SketchUp gangan, ó ṣí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló bọ́ nínú iṣẹ́ mi. Ẹ lọ wò ó ní Preferences pé Create backup wà ní títẹ̀, ẹ má sọ pé ó dọ̀la.

Ibi tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ojú òǹwòran. Mo mú Position Camera, irinṣẹ́ SketchUp tó ń gbé ojú yín sí ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo tẹ ilẹ̀ níbi ìjókòó tó wà lópin lọ́tùn-ún ní ìlà àkọ́kọ́, mo tẹ 1.2m, gíga ojú ẹni tó jókòó nìyẹn, Enter, ó sì gbé mi sórí àga yẹn gan-an. Mo ṣí ilẹ̀kùn òsì. Láti ibẹ̀ mo ń rí ẹ̀yìn ìtàgé gbogbo, àga tí àwọn òṣèré ń jókòó lé, àti ìgò omi. Bí ìlàrí ọba bá gba ibẹ̀ jáde, ẹni tó wà níbẹ̀ á ti rí i tó ń tún fìlà ṣe. Mo padà sí pílánù, mo fa ìlà láti ojú ẹni yẹn, ó gba etí férémù ilẹ̀kùn kọjá dé ògiri ẹ̀yìn, mo fa òmíràn láti ìjókòó tó wà lópin lósì, ohun tó bá bọ́ sáàárín ìlà méjèèjì ni gbogbo gbọ̀ngàn máa rí. Páálí aláṣọ dúdú kan, fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 6, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ó fi dí àlàfo yẹn pa. A ò ná ju aṣọ àti igi díẹ̀ lọ.

Ó wá ku títẹ̀ ẹ́ jáde fún káfíńtà. Mo ṣe é ní LayOut, ètò tó bá SketchUp Pro wá fún títo dírọ́ọ̀ìn sórí bébà, bébà A3, òdiwọ̀n 1:50, mo sì ti sọ fún Bàbá Káfíńtà pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà dúró fún àádọ́ta. Mo kọ ìwọ̀n sára gbogbo nǹkan àfi pèpéle ìtẹ́. Wọn ò ní A3 níbi tá a ti tẹ̀ ẹ́, A4 tó kéré sí i ni wọ́n lò, wọ́n fi í sí Fit, tó ń fún dírọ́ọ̀ìn kó lè bá bébà mu, ó wọ bébà dáadáa, kò sẹ́ni tó fura. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti gé igi pèpéle: ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 8. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ló yẹ kó jẹ́. Ara mi bù máṣọ.

"Ọmọ mi, ìwọ lo ní sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún àádọ́ta, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n." Ó gbé rúlà lé bébà lójú mi. Sẹ̀ǹtímítà 3.45. Orí A3, 4.88 ló yẹ kó jẹ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣì í." A fi àwọn igi yẹn ṣe ìtìlẹ́yìn ògiri, wọn ò ṣòfò, ṣùgbọ́n a tún ra òmíràn. Látìgbà yẹn, mo máa ń ya ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 kan sí ìsàlẹ̀ gbogbo bébà mi, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, rúlà ló kọ́kọ́ máa lọ síbẹ̀, tí kò bá pé 10, bébà yẹn ò dé ọ̀dọ̀ káfíńtà. Actual size tàbí 100% ni kí ẹ máa sọ fún wọn, kì í ṣe Fit. Ìwọ̀n tí mo ń kọ sára ẹ̀ náà ti di ẹsẹ̀ bàtà àti íńṣì, Architectural ní Units, torí ohun tó wà lára téèpù Bàbá tó sì ń lò nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì yí Units, nǹkan tẹ́ ẹ yà ò ní yí padà rárá, bó ṣe ń kọ nọ́ńbà jáde nìkan ló máa yí.

Lọ́jọ́ tá a kó sẹ́ẹ̀tì wọlé, plywood ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4 méje la tò síra, a fi ọ̀já íńṣì 8 kan kún un, ẹsẹ̀ bàtà 28 àti íńṣì 8. Wọ́n gbé e dìde láàárín òpó méjèèjì. Bàbá ti ìka ẹ̀ bọ àlàfo ọ̀tún, ó rìn lọ sí òsì, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó ní íńṣì kọ̀ọ̀kan, ẹ kan ìṣó.